Owó Tí Wọ́n Ń Ná ní Búṣẹ́ẹ̀rì Nìkan

Ọ̀gbẹ́ni Dàpọ̀ Fọlọ́runṣọ́ kì í fi nǹkan ṣòfò. Bí ó bá fi ìṣáná tan ojú sítóòfù kan, yóò tọ́jú igi rẹ̀ tó ṣẹ́kù, nítorí pé igi kan náà lè gbé iná dé ojú kejì. Bí lẹ́tà bá dé, yóò tú àpò rẹ̀ sílẹ̀, yóò yí inú rẹ̀ síta, yóò lẹ̀ ẹ́ padà, yóò sì fi kọ lẹ́tà sí ẹlòmíràn. Nínú ilé rẹ̀ ní àdúgbò Basin ní Ìlọrin, ẹni tó bá tan gílóòbù sí yàrá tí kò sí ènìyàn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyàwó rẹ̀, Ìbídùn, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbé pósí ọkọ òun dé, òkú náà yóò kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n lè dá a padà fún oníṣòwò tí wọ́n bá lò ó tán.

Ohun kan ṣoṣo ni kò bá ìwà yìí mu. Ọ̀gbẹ́ni Dàpọ̀ ń kó owó Páṣíà àtijọ́ jọ.

Owó bébà ni, èyí tí báǹkì àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ń tẹ̀ fún ilẹ̀ Páṣíà, tí a mọ̀ sí Ìráànì lónìí, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Báǹkì náà ti kógbá sílé. Ọba onírunmú tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó náà ti kú, ìdílé rẹ̀ sì ti kúrò lórí oyè. Kò sí ibi kankan láyé tí ènìyàn lè gbé e dé kí wọ́n bá a ṣẹ́ ẹ. "Owó tí kò lè ra iyọ̀" ni Ìbídùn ń pè é.

Ṣùgbọ́n Dàpọ̀ ní ìdí tirẹ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ akọ̀wé kékeré ní iléeṣẹ́ ìjọba, tó ń fi àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti òkè òkun múra ìdánwò, ó rí ọ̀kan nínú owó náà láàárín ìwé àlòkù kan tó rà. Ẹni tó ni ìwé náà tẹ́lẹ̀ ló fi sàmì sí ibi tó kà á dé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ojú owó náà gbangba pé ìlú Tẹhẹ́ránì nìkan ni wọ́n ti lè san án. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí: owó Ṣíráàsì, Ṣíráàsì nìkan, owó Tàbíríìsì, Tàbíríìsì nìkan. Ọ̀rọ̀ náà wọ Dàpọ̀ lákínyẹmí ara. Owó tó mọ ilé ara rẹ̀! Owó tí kì í rìn gbéregbère!

"Bí náírà bá rí báyìí," ló máa ń sọ, "tó jẹ́ pé Ọ̀mù-Àrán nìkan ni wọ́n ti lè ná owó Ọ̀mù-Àrán, ta ló máa kó o lọ sí Àbújá?"

Láti ìgbà náà ló ti ń wá tómáànù, bí wọ́n ṣe ń pe owó náà, kọ̀ọ̀kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan. Ó ń kọ̀wé sí àwọn olùkójọ owó nílẹ̀ òkèèrè, ó ń fi sùúrù dúnàá-dúrà, kì í sì í san iye tí ẹnikẹ́ni bá kọ́kọ́ pè. Ó ti ní Tẹhẹ́ránì, ó ní Ṣíráàsì, Tàbíríìsì, Máṣádì, Ìsífáhánì àti Hàmádánì, gbogbo wọn jókòó nínú álíbọ́ọ̀mù kan, oníkálùkù nínú ọ̀rá tirẹ̀. Ìlú kan ló kù nínú àwọn tó pinnu láti ní: Búṣẹ́ẹ̀rì, ìlú èbúté kan létí òkun wọn. Ọkùnrin kan ní Bírímíńgámù ní ọ̀kan tó fẹ́ tà, ṣùgbọ́n iye tó pè é tó owó mọ́tò. Dàpọ̀ fèsì ní gbólóhùn kan pé òun kì í ṣe wèrè.

Ó wá fi ọ̀rá òfo sí ìparí álíbọ́ọ̀mù náà, ó kọ orúkọ Búṣẹ́ẹ̀rì sí abẹ́ rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Bí ó bá ṣí álíbọ́ọ̀mù náà, òfo yẹn ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ bá, bí ìgbà tí eyín iwájú bá yọ lẹ́nu ènìyàn tí ahọ́n kò yé lọ síbẹ̀. Kò fẹ́ kú fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àfi ọjọ́ tí Zahrah fi àwòrán ránṣẹ́ sí i lórí fóònù.

Zahrah ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ Ìlọrin gan-an ni, ilé wọn wà lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Bàbá rẹ̀, Àáfà Mọ̀múdù, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọdé ní kéwú, ti di olóògbé ní ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọkàn ṣí àpótí ìwé rẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀gá mi," ni Zahrah kọ. "A rí bébà yìí láàárín ìwé bàbá wa. Màmá ní kí n bi yín bóyá ó wà lára owó àtijọ́ yín, àti pé ṣé ó níyelórí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ráàyè, ẹ wá bá wa wò ó, sà."

Dàpọ̀ fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú. Ọba onírunmú ló kọ́kọ́ rí. Ó rí kìnnìún tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún un fẹ̀ sí i, ó sì ka orúkọ ìlú tí wọ́n tẹ̀ sí i. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Ìbídùn!"

Ìbídùn sáré jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. "Kí ló dé? Ṣé àyà yín ni?"

"Búṣẹ́ẹ̀rì wà ní Ìlọrin!"

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Owó ni!"

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ìbídùn sọ ṣíbí kalẹ̀. "Mo rò pé àlejò ni. Mo ti fẹ́ máa wo ẹran tó wà nínú ọbẹ̀."

Dàpọ̀ fi àwòrán náà hàn án. Ó ṣàlàyé fún un pé bí ènìyàn bá gbé irú owó yìí lọ sí báǹkì láyé ìgbà náà kí wọ́n lè fún un ní fàdákà, báǹkì á fi irin lu ihò sí i lára kí ẹnikẹ́ni má baà tún un ná. Èyí kò ní ihò kankan. Kò sẹ́ni tó gbé e lọ sí báǹkì rí. Èyí gan-an sàn ju ti ọkùnrin Bírímíńgámù lọ.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ìbídùn wí. "Ẹ pè wọ́n, ẹ sọ iye tó tó fún wọn, ẹ san án, ẹ gbé e wálé. Ẹ ṣáà ti ń fi owó pamọ́ nítorí ẹ̀."

"Kí n sọ iye rẹ̀? Kí n fi ẹnu ara mi gbówó lé nǹkan tí mo fẹ́ rà? Ṣé bí ìwọ ṣe ń ra tòmátì nìyẹn?"

"Bàbá Tìmílẹ́yìn, ìyá Zahrah kò ta tòmátì. Òun ló ní kí wọ́n bi yín léèrè."

"Ìbéèrè ni wọ́n bi mí. Wọn ò ní kí n ṣí àpò mi fún wọn."

Ó wọ kẹ̀kẹ́ dé ẹnu Ọjà-Ọba ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó sì fi ẹsẹ̀ rin àárín àwọn tó ń tajà títí ó fi dé agbo ilé Àáfà Mọ̀múdù. Ilé-kéwú wà ní iwájú ilé náà, gbọ̀ngán gígùn kan báyìí tí afẹ́fẹ́ òjò ti ṣí páànù rẹ̀ lápá kan. Inú ibẹ̀ ni wọ́n kó ìwé olóògbé náà sí, òkìtì òkìtì lórí ẹní: èyí tó dáa lápá ọ̀tún, èyí tí ikán ti jẹ àti ojú-ìwé Kùránì tó ti ya lápá òsì. Alhaja Hajarat, ìyàwó olóògbé, jókòó sórí àga ó sì ń wò wọ́n. Mahmud, àbúrò Zahrah, tó ti gba ipò bàbá rẹ̀ ní ilé-kéwú, ló ń ṣa ìwé náà.

"Ọ̀gá Zahrah! Ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrìn," ni Alhaja wí. "Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó? Ṣé àlàáfíà làwọn ọmọ? Ẹ jókòó. Ẹ bá wa mú omi tútù."

Zahrah gbé owó náà jáde láti àárín ìwé kan tí wọ́n fi awọ bò. Alhaja wá sọ ìtàn rẹ̀. Bàbá ọkọ òun ló fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà, tó fi ọdún púpọ̀ ṣe é. Ní Jẹ́dà ni ọkùnrin Páṣíà kan ti ra àpò awọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fi bébà yìí san án.

"Ó fi han àwọn ará Jẹ́dà, wọ́n ní àwọn ò gbà á. Ó gbé e dé Kánò, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ó gbé e wálé fún wa, àwa náà ò mọ̀ ọ́n," ni Alhaja wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Títí ó fi kú ló ń sọ pé ọkùnrin yẹn ṣì jẹ òun ní àpò awọ kan."

Dàpọ̀ mú dígí rẹ̀ tó ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá jáde. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti orúnkún rẹ̀ kí dígí náà lè dúró. Bébà náà mọ́. Igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Búṣẹ́ẹ̀rì ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí àní-àní.

"Ọ̀gá, ẹ bá wa sọ ọ́," ni Alhaja wí. "Ṣé ó níyelórí?"

Ọ̀gbẹ́ni Dàpọ̀ kì í purọ́. Nínú ìjọ wọn, òun ni wọ́n máa ń ní kó wá ṣe ẹlẹ́rìí bí àwọn méjì bá ń jiyàn, nítorí pé ó lè sọ òtítọ́ débi tí yóò fi bí àwọn méjèèjì nínú. Ṣùgbọ́n ó wò ó pé iye kò sí lára bébà; láàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ló wà, wọn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ ọjà. Kò lè wo ojú ìyá arúgbó náà, ó wá gbé ojú sókè sí ibi tí páànù ti ṣí, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń ka ìwé níbẹ̀.

"Ìyá," ló wí, "kò níyelórí. Bébà lásán ni. Ìlú kan ṣoṣo báyìí ni wọ́n ti lè ná an, báǹkì tó ni ín kò sì sí mọ́."

Òtítọ́ ni ohun méjì tó sọ gbẹ̀yìn. Ìyẹn tù ú nínú.

Alhaja mi orí. "Hẹ̀ẹ́n. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́ fún wa."

"Ṣé ẹ rí i, Màmá?" ni Mahmud wí. "Látìgbà tí mo ti rí i ni mo ti ń sọ ọ́. Àwòrán ènìyàn láàárín Kùránì! Pẹ̀lú kìnnìún!"

Ẹlòmíràn ì bá tọrọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Dàpọ̀ kò tọrọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá tọrọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé kò níyelórí yóò mú kí wọ́n fura. Ó pinnu pé òun yóò mú sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò yà sílé wọn bí ẹni ń kọjá lọ, nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kí òun dìde, òun yóò ní, "Bébà ọjọ́ yẹn, bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ ń fi í ṣe, ẹ fún mi kí n fi han àwọn ọmọ-ọmọ mi." Wọn yóò fún un. Ta ni yóò fi bébà lásán du ènìyàn?

"Ó dà?" ni Ìbídùn bi í nígbà tó wọlé.

"Sùúrù."

"Sùúrù ni orúkọ irọ́ tí ẹ pa?"

"Mi ò purọ́. Iye ni mi ò sọ."

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ó fi aṣọ rírọ̀ nu ọ̀rá òfo inú álíbọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì kó ara rẹ̀ níjàánu. Ọwọ́ rẹ̀ yóò nà sí fóònù láti pe Zahrah, yóò fà á padà. Bí ó ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu yìí dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sún ọjọ́ tó dá síwájú díẹ̀ sí i.

Nígbà tó máa padà dé Ọjà-Ọba, èéfín ló kọ́kọ́ rí lókè ilé-kéwú náà.

Kì í ṣe ilé ló ń jó. Mahmud ló da iná sínú àgbá irin kan tí wọ́n gé sí méjì níwájú ilé, ó wẹ̀ mọ́ tónítóní, ó wọ jalabíà funfun, àwọn àpò tó kún fún ojú-ìwé tó ya sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ti ṣófo. Alhaja Hajarat jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, Zahrah dúró tì í.

"Àní mo ń dárúkọ yín lọ́wọ́!" ni Alhaja wí. "Ọ̀gá Zahrah, ẹ̀mí yín gùn. Zahrah, gbé e fún wọn."

Zahrah kúnlẹ̀, ó sì gbé ọ̀rá kan fún un tó wúwo, tí omi ń kán lára rẹ̀. Wàrà ni, èyí tí àwọn Fúlàní ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọ ìlú láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó nípọn tó sì funfun.

"Ẹ má bínú," ni Alhaja wí. "Wàrà kò tó yín fún. Ohun tí mo fẹ́ fún yín gan-an ni bébà àtijọ́ yẹn."

Dàpọ̀ rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. "Ìyá?"

"Bébà Páṣíà yẹn. Nítorí oore tí ẹ ṣe Zahrah ni. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ ṣiṣẹ́ ní ìpẹ̀kun ìpínlẹ̀ yìí, ẹ̀yin lẹ kọ̀ tí ẹ ò fọwọ́ sí i. Mi ò gbàgbé. Zahrah ní ẹ fẹ́ràn owó àtijọ́, mo ní ó yá, ẹ̀yin ni màá fún. Ṣùgbọ́n mo ní kó kọ́kọ́ bi yín bóyá ó níyelórí, kí n má lọ gbé nǹkan yẹpẹrẹ fún ènìyàn ńlá. Ọpẹ́lọpẹ́ yín tí ẹ sọ òtítọ́! Ojú ì bá tì mí."

Dàpọ̀ rántí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kì í ṣe àánú ló mú kó kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Owó tí ìjọba ì bá fi kó ẹrù Zahrah lọ ló ká a lára.

"Níbo ló wà báyìí?" ló bi wọ́n.

"Inú àpò yìí ló wà, Bàbá," ni Mahmud dáhùn, ó sì fọwọ́ lé àpò tó kàn. "Lẹ́tà ara rẹ̀ dà bíi ti Kùránì. Mo lè pè é, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ èdè náà, orúkọ Ọlọ́hun sì lè wà níbẹ̀. A ò lè jù ú sí ààtàn kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́. Nítorí àwòrán yẹn, a ò lè dá a padà sáàárín ìwé. Bí ó bá níyelórí ni, à bá wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ ti ní kò níyelórí. Iná ló kù, ká ri eérú rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi tó mọ́."

Gbogbo rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Kò sí ibì kan tí Dàpọ̀ lè fọwọ́ lé nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀.

"Ẹ fún mi," ló wí. "Kí n fi han àwọn ọmọ-ọmọ mi."

"Rárá o!" Alhaja fọwọ́ bo ẹnu. "Kí wọ́n máa bi yín pé ta ló fún yín ní pàǹtírí? Ẹ mú wàrà lọ fún wọn."

"Ìyá, mo fẹ́ràn pàǹtírí."

Zahrah bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá mi! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí n ka pínnì ọ́fíìsì!"

Mahmud bẹ̀rẹ̀ síbi àpò náà, ó tú ẹnu rẹ̀. Dàpọ̀ sáré bọ́ síwájú.

"Ẹ dúró! Ó níyelórí! Ó níyelórí gan-an ni! Mo purọ́ fún yín lọ́jọ́sí!"

Alhaja Hajarat wò ó títí, omi sì lé sí i lójú.

"Zahrah, ṣé o gbọ́?" ló wí pẹ̀lẹ́. "Ó rí i pé a fẹ́ sun ohun ìní bàbá yín, àánú wa ṣe é. Ó gbà láti pe ara rẹ̀ ní onírọ́ nítorí ká lè gbayì. Irú ènìyàn yìí ò pọ̀ mọ́."

"Ìyá, òótọ́ ni mò ń sọ!"

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ọlọ́hun á san án fún yín."

"Mo máa rà á! Igba ẹgbẹ̀rún náírà!" Ó rí i pé wọn kò gbà á gbọ́. "Zahrah, pe nọ́ńbà àkáǹtì rẹ. Pè é! Ó tó, mo ti ní in nínú fóònù mi tẹ́lẹ̀."

Gbogbo owó tó ti ń fi pamọ́ de Búṣẹ́ẹ̀rì nìyẹn. Ó tẹ iye náà, ó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ó tẹ "fi ránṣẹ́". Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò yára. Òrùka kékeré kan ń yí lójú fóònù, ó ń yí, ó ń yí, Dàpọ̀ sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹni tó ń rì sómi. Fóònù Zahrah dún.

"Màmá!" Zahrah pariwo. "Igba ẹgbẹ̀rún ni wọ́n fi ránṣẹ́!"

Alhaja dìde lórí àga, ohun tí orúnkún rẹ̀ kì í sábà gbà fún un. "Mo mọ̀! Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, mo rí i bí wọ́n ṣe gbójú sókè tí wọ́n tẹjú mọ́ páànù ilé-kéwú wa tó ṣí. Mo ní ọ̀gá rẹ ń ro nǹkan kan lọ́kàn. Wọn ò fẹ́ kó dà bíi sàráà lójú wa ni wọ́n fi ń sọ pé àwọn ra bébà!"

"Bébà náà ni mo rà!"

"Ẹ ti rà á, Bàbá," ni Mahmud wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ rà á níwájú Ọlọ́hun." Ó gbé àpò náà sókè. "Bísímílàhì."

Ó sì dà á sínú iná.

Ojú-ìwé tó gbó kì í pẹ́ gbiná. Dàpọ̀ rí i láàárín wọn, ó rí kìnnìún, ó rí ọba onírunmú náà tó gbé ojú sókè wò ó kó tó ká kò, kó tó di dúdú. Ó na ọwọ́ sínú àgbá náà. Mahmud dì í mú láti ẹ̀yìn.

"Ẹ rọra, Bàbá! Iná ni!"

"Ẹ wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe fà sí lẹ́tà Kùránì," ni Alhaja wí. "Kìrìsìtẹ́nì tiẹ̀ nìyẹn o."

Wọ́n ṣàdúà fún un. Àdúà náà gùn, ó kan ìyàwó rẹ̀, ó kan àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Dàpọ̀ sì dúró tó ń ṣe àmín sí i níkọ̀ọ̀kan, nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí ẹnu rẹ̀ tún lè wúlò fún. Nígbà tó ku eérú nìkan, Mahmud bù ú sínú igbá, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀. Dàpọ̀ ni wọ́n bọlá fún pé kó kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí i.

Ìbídùn wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́.

"Ẹ rí i gbà?"

"Mo rà á."

"Ẹ rà á? Ẹ̀yin? Èló?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ìbídùn wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dà?"

"Ó ti di páànù."

Ó jókòó, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fo ìkankan. Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín títí tó fi dé ibi tí ó ti bu yẹ̀pẹ̀. Níbẹ̀ ni kò ti lè mú un mọ́ra. Ó di ẹnu ìlẹ̀kùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀.

"Àgbà ìjọ! Ẹ ti kan páànù sí ilé-kéwú! Bàbá Tìmílẹ́yìn, ẹ jẹ́ n bi yín ní ohun kan. Bí ẹ bá ti sọ òótọ́ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èló lẹ ì bá san?"

Dàpọ̀ ronú sí i. Ó ti ronú sí i láti ẹnu Ọjà-Ọba wá.

"Wọn ì bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́," ló wí.

Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gba wàrà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé e, ó fi ata àti iyọ̀ sí i, ó dín in. Wọ́n jẹ ẹ́. Ó dùn púpọ̀, ìyẹn sì dun Dàpọ̀ sí i.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, Zahrah fi àwòrán mìíràn ránṣẹ́. Páànù tuntun ń kọ mànà lórí ilé-kéwú. Dàpọ̀ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú, ó wo bí wọ́n ṣe to ìṣó rẹ̀, ó sì kọ̀wé padà pé wọ́n lo ìṣó jù, pé ó yẹ kí díẹ̀ ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó ti ibi iná yẹn dé gan-an, lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, ó mú ọ̀rá wàrà náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nínú àti lóde, ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ẹ̀mú aṣọ há a sórí okùn kó lè gbẹ. Ìbídùn yọjú lójú fèrèsé.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Dàpọ̀ na ọ̀rá náà kó má baà hunjọ.

"Mi ò tíì mọ̀," ló wí. "Mi ò ṣáà fẹ́ kó ṣòfò."